Ọjọ́ mẹ́wàá láìsọ̀rọ̀: àyẹ̀wò ìdálẹ́kọ̀ọ́ Vipassana fún ẹni tó ń wá ìbàlẹ̀ ọkàn

Ìdálẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tí S. N. Goenka fi sílẹ̀ lórí Vipassana, ìyẹn àṣàrò wíwo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, wà lára ibi tó le jù tí ènìyàn lè ti kọ́ àṣàrò, ọ̀fẹ́ sì ni. Líle rẹ̀ àti ọ̀fẹ́ tó jẹ́ yìí gan-an ló ń sáré fa àwọn ènìyàn lọ síbẹ̀, tí wọn kì í fi í bi ara wọn ní ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú: lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ni, wọ́n sì ń kọ́ni dáadáa. Àmọ́ ẹni tí kò bá lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ láàárọ̀ àti òmíràn lálẹ́ nígbà tó bá padà sílé, ohun tó bá rí gbà níbẹ̀ kò ní pẹ́ ṣá.

Oníṣòwò ni Goenka. Wọ́n bí i sí Mandalay ní orílẹ̀-èdè Burma ní 1924, inú ìdílé ará Íńdíà. Ọwọ́ Sayagyi U Ba Khin ló ti kọ́ àṣàrò náà, ẹni tó jẹ́ olórí àwọn olùṣírò owó ìjọba Burma lẹ́yìn òmìnira. Ní 1969 ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní Íńdíà, ìdálẹ́kọ̀ọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó rẹ̀ tí a mọ̀ jù, Dhamma Giri ní Igatpuri, ní 1976. Ó kú ní 2013, síbẹ̀ òun náà ló ṣì ń kọ́ni. Ohùn rẹ̀ tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni ẹ ó máa gbọ́ nínú gbọ̀ngàn àṣàrò, fídíò rẹ̀ ni ẹ ó sì máa wò lálẹ́. Iṣẹ́ igbákejì olùkọ́ tó jókòó síwájú ni láti tan ohùn náà, láti bá yín ṣàṣàrò, àti láti dáhùn ìbéèrè. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ibi yòówù kí ẹ ti ṣe é lágbàáyé, ẹ̀kọ́ kan náà ni, kò sí olùkọ́ kan tó máa fi tirẹ̀ kún un. Ibi tó kù sí ni pé ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò rí yín. Bí ẹ bá ń fún èjìká pọ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, kò ní sọ fún yín. Àkókò tí ẹ lè bá igbákejì olùkọ́ sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Èsì tí ẹ máa gbà lọ́pọ̀ ìgbà ni pé kí ẹ padà sídìí iṣẹ́ yín, kí ẹ máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Ẹni tó ń retí ẹni tó máa bá òun tú ìṣòro ayé òun palẹ̀ kò ní rí i níbẹ̀.

Owó ńkọ́? Wọn kì í gba kọ́bọ̀ fún ẹ̀kọ́, ibùsùn tàbí oúnjẹ. Ọrẹ àwọn tó ti ṣe é rí ni wọ́n fi ń gbé e ró, wọn kì í tilẹ̀ gba ọrẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò tíì parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan. Olùkọ́ kì í gbowó, àwọn tó ń dáná àti àwọn tó ń gbálẹ̀ náà kì í gbà. Àkókò ni owó tí ẹ máa san, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣirò. Wọ́n á gbàyè ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á gbàgbé pé ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ kìíní ni wọ́n ń forúkọ sílẹ̀, àti pé òwúrọ̀ ọjọ́ kọkànlá ni wọ́n ń túká. Ọjọ́ méjìlá ni kí ẹ yà sọ́tọ̀. Ẹ fi ọjọ́ kan tàbí méjì kún un lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹ bá lè ṣe é, torí kíkúrò nínú ìdákẹ́jẹ́ bọ́ sínú ìpàdé iṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà máa ń da orí rú.

Orí ìkànnì dhamma.org ni ẹ ti máa rí ibùdó àti ọjọ́ tí ààyè ṣí, ibẹ̀ náà ni ẹ ti máa kọ fọ́ọ̀mù. Ààyè tètè ń kún, nítorí náà ẹ kọ ọ́ ní kété tí wọ́n bá ṣí i, kí ẹ sì dá wọn lóhùn nígbà tí wọ́n bá béèrè bóyá ẹ ṣì ń bọ̀. Wọ́n máa béèrè nípa àìsàn ara àti ti ọpọlọ, àti oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ má fi nǹkan kan pamọ́ níbẹ̀. A máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Òfin ibẹ̀ kò ní kọ̀rọ̀. Ẹ kò ní pa ohun ẹlẹ́mìí, ẹ kò ní jalè, ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni lò pọ̀, ẹ kò ní purọ́, ẹ kò ní fẹnu kan ọtí tàbí sìgá. Tọkùnrin tobìnrin kò ní pàdé. Fóònù, ìwé kíkà, báírò àti ìwé ìkọ̀wé, wọ́n á gbà gbogbo rẹ̀ pamọ́. Ìdákẹ́jẹ́ náà kò mọ sí ẹnu nìkan: ẹ kò ní fojú sọ̀rọ̀, ẹ kò ní fọwọ́ ṣàpèjúwe fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ lè bá alábòójútó sọ̀rọ̀ tí omi kò bá yọ tàbí tí ara kò bá yá, ẹ sì lè bá olùkọ́ sọ̀rọ̀ nípa àṣàrò. Nǹkan tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni pé ìdákẹ́jẹ́ ni apá tó rọrùn jù. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, kì í wu ọ̀pọ̀ láti sọ̀rọ̀ mọ́.

Ibi tó yẹ kí Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ti ronú dáadáa ni pé wọ́n máa ní kí ẹ dá gbogbo àdúrà, àwẹ̀, tẹ̀sùbáà, rosary, yoga àti àṣàrò mìíràn dúró títí ìdálẹ́kọ̀ọ́ á fi parí. Ìdí tí wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tó bá po ọ̀nà méjì pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Ó mọ́gbọ́n dání gẹ́gẹ́ bí ìlànà ẹ̀kọ́. Àmọ́ fún Mùsùlùmí tí ìrun wákàtí márùn-ún jẹ́ dandan fún, kò sí àárín méjì nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì sàn kó mọ̀ ọ́n kó tó kọ fọ́ọ̀mù ju kó mọ̀ ọ́n lálẹ́ ọjọ́ tó débẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n máa ní kí ẹ tún àwọn ọ̀rọ̀ kan sọ lédè Pali, èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀sìn Búdà, nínú èyí tí ẹ ó ti fi Búdà, Dhamma (ẹ̀kọ́ rẹ̀) àti Sangha (ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀) ṣe ibi ìsádi. Wọ́n máa ń ṣàlàyé pé ìwà tí àwọn wọ̀nyí dúró fún ni ìsádi náà wà fún, pé kì í ṣe yíyí ẹ̀sìn padà. Lóòótọ́, kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ di ẹlẹ́sìn Búdà. Síbẹ̀, ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí ẹ̀sìn kankan nínú rẹ̀ ti sọ àsọdùn. Orin Pali ń dún láàárọ̀, ẹ̀kọ́ Búdà sì ni ọ̀rọ̀ alaalẹ́ dá lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Agogo máa ń dún ní aago 4:00 ìdájí. Láti 4:30 di 6:30 ni àṣàrò àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà oúnjẹ àárọ̀. Wákàtí mẹ́ta ló tẹ̀lé e láti 8:00 di 11:00, oúnjẹ ọ̀sán ní 11:00, ìsinmi títí di 1:00, lẹ́yìn náà àṣàrò títí di 5:00. Ní 5:00, tíì àti èso fún àwọn tuntun. Àwọn tó ti ṣe é rí kì í jẹun mọ́ lẹ́yìn ọ̀sán. Wákàtí kan láti 6:00, ọ̀rọ̀ Goenka láti 7:00, àṣàrò díẹ̀ sí i, ibùsùn ní 9:30. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó lé ní wákàtí mẹ́wàá tí ẹ fi ń jókòó lójúmọ́. Oúnjẹ kò ní ẹran tàbí ẹja, ó sì máa ń tó. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ẹni tó bá rò pé òun kò ní rí oúnjẹ gidi jẹ mọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́ máa ń bu oúnjẹ ọ̀sán rẹpẹtẹ, oorun á sì máa kùn ún láti 1:00 di 3:30. Ẹ jẹ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí ẹ máa ń jẹ.

Ọjọ́ mẹ́ta àti ààbọ̀ àkọ́kọ́, èémí nìkan ni ẹ ó máa wò. Ānāpāna ni wọ́n ń pe ìpele yìí. Ẹ kò ní ka èémí, ẹ kò ní sọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e, ẹ kò ní ya àwòrán kankan sọ́kàn. Ẹ kàn máa mọ̀ pé ó ń wọlé, pé ó ń jáde, ihò imú wo ló ń gbà. Bí ọjọ́ ṣe ń lọ ni wọ́n á máa dín ibi tí ẹ ń wò kù, títí tó fi máa ku ibi kékeré tó wà lábẹ́ ihò imú, lókè ètè òkè. Ibẹ̀ kéré débi pé ìka kan lè bò ó. Ẹ ó kọ́kọ́ sọ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, ẹ ó mọ̀ pé èémí tó ń wọlé tutù ju èyí tó ń jáde lọ. Lẹ́yìn náà, ó lè yún, ó lè móoru, ó lè máa ta wínníwínní. Bí ọkàn ṣe ń mú sí i nìyẹn, ìdí tí wọ́n sì fi ń lo gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ní ìpele yìí ni kí ènìyàn máa darí èémí láìmọ̀. Ẹni tó ń wo nǹkan lójú kíkan kíkan máa ń fẹ́ tún un ṣe. Àmì rẹ̀ ni pé àyà á máa fún, orí á máa fò díẹ̀, èémí á sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ kàn fi èémí sílẹ̀ kó máa ṣe tirẹ̀. Tí ó bá wá rọra débi pé ẹ kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ẹ lè mí tagbára-tagbára díẹ̀ fún ìgbà mélòó kan, kí ẹ sì padà sí èyí tó ń wá fúnra rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹrin ni Vipassana gan-an bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó gbé ọkàn láti àtàrí, ẹ ó máa fi í gba ara kọjá níwọ̀nba níwọ̀nba: orí, ojú, apá ọ̀tún dé orí ìka, apá òsì, ọ̀fun, àyà, ikùn, ẹ̀yìn lókè àti nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ohun yòówù tí ẹ bá bá níbẹ̀, ì báà jẹ́ ooru, òtútù, ìyún, ìrora, ìwúwo, òógùn, tàbí aṣọ tó kan ara, ẹ mọ̀ pé ó wà, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ, ẹ má ṣe kórìíra rẹ̀, ẹ kọjá. Ibi tí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ dúró níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa lọ. Ìlànà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọ́ yín láti máa wo apá méjèèjì pa pọ̀, láti máa gòkè padà láti ẹsẹ̀ dé orí, àti láti gba ara kọjá lẹ́ẹ̀kan náà níbi tó bá ti ṣí sílẹ̀.

Láti ìgbà náà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni wọ́n á ní kí ẹ jókòó fún wákàtí kan gbáko láì la ojú, láì tú ọwọ́, láì tú ẹsẹ̀. Níbí ni ẹ̀kọ́ náà ti bọ́ kúrò lórí ẹnu. Ní nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, orúnkún á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹni tó bá fún eyín pọ̀ kó lè fara dà á ti ṣìnà, torí ìkórìíra lásán ni, ó kàn dákẹ́ ni. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ wọ inú ìrora náà lọ: níbo ló ti le jù, níbo ló parí sí, ṣé ó ń gún ni, ṣé ó ń jó, àbí ó ń tẹ̀? Ẹ ó rí i pé kò dúró sójú kan, ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń fẹ̀, ó ń sún kì. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń sọ láti kékeré pé kò sí ohun tó le tí kì í rọ̀ máa rí i níbẹ̀ pé ẹnu lásán ni ẹ ti ń sọ ọ́.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìrora ni a ń wò níran. Èyí tó bá lọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí ẹ bá dìde, ti ìjókòó ni. Èyí tó bá ń gún yín ní ẹ̀gbẹ́ inú orúnkún bí abẹ́rẹ́, tàbí tó ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń rìn lọ jẹun, oríkèé ló ń ké, ẹ béèrè fún àga lọ́jọ́ náà gan-an. Kò sí ìtìjú nínú àga. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì lélẹ̀, ẹ má fi ẹ̀yìn tì. Fún àwọn tó bá fẹ́ jókòó sílẹ̀, ìbàdí gbọ́dọ̀ ga ju orúnkún lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn á tẹ̀ láàárín ogún ìṣẹ́jú. Tìmùtìmù tó ga tó 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà tó ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹ ká aṣọ sábẹ́ kókósẹ̀, kí ẹ sì fi nǹkan gbé orúnkún tó bá ń rọ̀ lófuurufú. Àpótí ìkúnlẹ̀ dára fún ẹni tí ìbàdí rẹ̀ kò rọ̀. Tí ẹsẹ̀ bá kú, ẹ má ṣe fò dìde nígbà tí agogo bá dún. Ẹ nà án, ẹ dúró kí ó padà bọ̀ sípò kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, torí báyìí ni àwọn kan ṣe ń yẹ ọrùn ẹsẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu ju ìrora orúnkún lọ ń bọ̀ nígbà tí ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Ní bí ọjọ́ keje sí ìkẹjọ, àwọn kan máa ń gbọ́ tí gbogbo ara wọn fúyẹ́, tí ó ń ta wínníwínní láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n á rò pé àwọn ti débẹ̀. Lọ́la, kò ní sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n á lo ọjọ́ méjì tó kù láti máa wá a kiri, inú á sì bí wọn. Ẹ̀kọ́ náà kò sì fìgbà kan sọ pé kí ẹ wá adùn. Ẹni tí gbogbo ara rẹ̀ wúwo láti ọjọ́ kìíní dé ìkẹwàá, àmọ́ tí kò bá a jà, ló ṣe iṣẹ́ tó yanjú jù. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọ́n á kọ́ yín ní mettā, ìyẹn fífi ọkàn rere ránṣẹ́ sí gbogbo ẹ̀dá, wọ́n á sì tú ìdákẹ́jẹ́ ká.

Àwọn kan wà tí a kò ní gbà nímọ̀ràn láti lọ. Ẹni tó ti ní àrùn ọpọlọ tó lágbára rí, ẹni tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ẹni tí inú rẹ̀ máa ń ga kọjá ààlà tí á sì tún já wálẹ̀, ẹni tí ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀ láìpẹ́ yìí. Wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́ láìsí ẹni bá sọ̀rọ̀ lè ṣí ohun tí kò sí ẹni tó mọ bí a ṣe ń tì í níbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ kì í ṣe dókítà. Ẹ kò sì gbọ́dọ̀ dá oògùn dúró nítorí kí wọ́n lè gbà yín. Bí ẹ bá ti wà níbẹ̀, tí oorun kò kùn yín fún òru méjì, tí èrò ń sáré tí kò dúró, ẹ sọ fún olùkọ́ lọ́jọ́ náà, ẹ la ojú, ẹ máa rìn, ẹ dín wákàtí kù. Kí ẹ kúrò níbẹ̀ dára ju kí ẹ fi orí kunkun parí rẹ̀ lọ.

Nígbà tí ẹ bá padà délé, wákàtí méjì lójúmọ́ ni wọ́n ní kí ẹ máa ṣe, òwúrọ̀ kan, alẹ́ kan. Ọ̀pọ̀ kò lè ṣe é, a ò ní tan ara wa. Wọ́n á pa ọjọ́ kan jẹ, wọ́n á rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́, wọ́n á pa gbogbo rẹ̀ tì. Ó sàn kí ẹ mú ìwọ̀n kan tí kò ní yẹ̀, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan fóònù, kí ẹ sì máa pọ̀ ọ́n sí i. Ti alẹ́, kí ẹ tó jẹun ni, kì í ṣe lórí ibùsùn. Lọ́jọ́ tí ọkàn bá ń fò kiri, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò náà wo èémí kí ẹ tó wọ ara lọ, kí ẹ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ìkẹyìn ṣe mettā. Áàpù Insight Timer ní agogo ọ̀fẹ́ tó tó fún èyí. Ẹ pa gbogbo ìyókù rẹ̀ tì. Àwọn tó bá ti parí ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan lè máa lọ sí ti ọlọ́jọ́ kan láti tún ara ṣe.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ẹni tí kò lè fi ilé sílẹ̀ fún ọjọ́ méjìlá lè wo MBSR (Mindfulness-Based Stress Reduction), ẹ̀kọ́ àṣàrò fún dídín wàhálà ọkàn kù, èyí tí Jon Kabat-Zinn bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní 1979: ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kíláàsì ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti iṣẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lójoojúmọ́ nílé. Wọ́n sábà máa ń gbowó rẹ̀, àmọ́ olùkọ́ alààyè ló ń wo yín, kò sì ní kí ẹ fi àdúrà yín sílẹ̀. Onígbàgbọ́ tó fẹ́ dákẹ́ níwájú Ọlọ́run rẹ̀ lè yan Centering Prayer, tí Thomas Keating àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mọ́ńkì gbé kalẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: ọ̀rọ̀ mímọ́ kan, ogún ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Mùsùlùmí ti ní dhikr, ìyẹn rírántí Ọlọ́run lẹ́nu àti lọ́kàn, lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, kó kàn fún un ní àkókò tí kò ní máa yí padà.

Ẹni tí Vipassana ṣì wù, kó ṣe èyí kó tó kọ fọ́ọ̀mù: fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kó máa jókòó ogún ìṣẹ́jú láàárọ̀ àti ogún lálẹ́, èémí nìkan, lórí ìjókòó tó máa lò níbẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, kó sọ ọ́ di ọgbọ̀n; ní ìkẹta, ogójì. Ara rẹ̀ á ti fi ibi tó máa ké hàn án, á sì ti mọ̀ bóyá tìmùtìmù tàbí àga ni kó béèrè fún nígbà tó bá débẹ̀.